Kàlẹ́ńdà wo ló fúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà Linux tó ti dàgbà?

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí kò lè gbé Windows 11 ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ti kó tiwọn lọ sórí Linux: Xubuntu, Lubuntu, Linux Mint. Ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìgbà tí olówó rẹ̀ bá wá ń wá ohun tí yóò máa rán an létí ìpàdé àti owó ilé ni ẹrù tún lè padà sí i lọ́rùn.

Ìdí ni pé fèrèsé kàlẹ́ńdà tí ojú rí kọ́ ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn GNOME Calendar, evolution-data-server ló ń tọ́jú àwọn ọjọ́. KOrganizer gbára lé Akonadi, tí òun náà ní dátábéèsì tirẹ̀. Kàlẹ́ńdà Thunderbird dára, àmọ́ odindi ètò í-meèlì ló ń bá a rìn. Ẹni tí kò fi í ka í-meèlì, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan tèmi. Ẹ ṣí htop kí ẹ tó ṣí kàlẹ́ńdà, ẹ wo RAM tó ń lò, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i.

Ẹni tó fẹ́ràn máòsì, kó wo Orage, tí wọ́n ṣe fún Xfce, tàbí Osmo. Ẹni tí tẹ́mínà kò bà lẹ́rù, calcurse wà níbẹ̀: kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń fẹ́, fáìlì lásán tí èèyàn lè kà ló sì ń kọ ìpàdé sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Remind, tí Dianne Skoll ará Kánádà ṣe, tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò ní fèrèsé kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé TkRemind wà fún ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan. Inú fáìlì kan ni ẹ ó ti kọ ohun tí ẹ fẹ́, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ọrọọrún dán an wò:

REM 2 March 2026 *4 MSG Ọjà

Ẹ kíyè sí i pé 4 ni mo kọ, kì í ṣe 5. Ọjọ́ tí ọjà ná ni àwa ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò: bó bá ná ní Ajé, Ẹtì ló di ọjọ́ karùn-ún. Ọ̀la ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ 5, àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò gbé agbọ̀n dé ọjà tó ti tú. Bákan náà, ìpàdé ìtàdógún, 16 ni ẹ ó kọ. Bí ẹ bá fi +1 kún un, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò ti máa sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? cron, tí ọ̀pọ̀ olùlo Linux máa ń fi rán ara wọn létí, kì í padà sẹ́yìn: bí aago bá lù nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, ìránnilétí yẹn ti lọ nìyẹn. Táímà systemd lè ṣe èyí tó bọ́, bí ẹ bá kọ Persistent=true sí i. Ti Remind rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi í sínú .bashrc, ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí tẹ́mínà ni yóò ka ti òní jáde, ì báà jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná tó dé.

Ṣùgbọ́n ìpàdé aago méjì ọ̀sán kò ní dúró de iná, iṣẹ́ fóònù nìyẹn. Ibẹ̀ ni Remind ti kùnà díẹ̀, torí ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ yàtọ̀ sí iCalendar, ìyẹn fáìlì .ics tí àwọn fóònù mọ̀, tí ìlànà rẹ̀ ti wà láti 1998. calcurse mọ̀ ọ́n: calcurse -x á kó gbogbo ìpàdé yín jáde ní .ics, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó tún ní calcurse-caldav tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ṣe é kìlọ̀ pé ó lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kí ẹ tó dán an wò.