Dùùrù Ará Ṣáínà àti Ìlù Àgídìgbo

Ó ṣòro láti rí ilé kan ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko tí kò sí ohun èlò ará Ṣáínà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa ní ọjà Alábà ń tà á, àwa náà sì ń rà á. Ọ̀nà ojú irin tí a pinnu pé kí ó ti Marina dé Okokomaiko, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó kọ́ apá èkíní rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò dé Mile 2 ní oṣù September 2023. Ọjà wọn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọgbọ́n wọn ńkọ́?

Dùùrù kan wà ní ilẹ̀ wọn tí à ń pè ní guqin. Pákó gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 4, okùn 7 sì ni a ta sí i lórí. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Kì í ṣe ti agbo ijó, bí kò ṣe ti ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ láti tún inú ara rẹ̀ ṣe.

Confucius, olùkọ́ ńlá tí a bí ní ọdún 551 kí a tó bí Jésù, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìtàn wọn sọ pé ó ń kọ́ orin kan lọ́dọ̀ ọ̀gá onídùùrù tí ń jẹ́ Xiang. Nígbà tí ó di ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀gá ní kí ó bọ́ sí òmíràn. Confucius ní òun mọ orin náà, ṣùgbọ́n òun kò tí ì mọ ọgbọ́n títa rẹ̀. Nígbà tí ó mọ ìyẹn, ó ní òun kò tí ì mọ èrò inú rẹ̀. Nígbà tí ó mọ ìyẹn pẹ̀lú, ó ní òun kò tí ì mọ irú ènìyàn tí ó dá a. Kò kúrò nídìí rẹ̀ títí ó fi dárúkọ ọba àtijọ́ náà, Wen. Ní ti Confucius, ìwà ni orin ń kọ́ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Àwọn baba wa wí pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Àjọ UNESCO pàápàá tí ó yin guqin ní 2003 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, òun náà ni ó yin Ifá wa ní 2005.

Ohun tí ó ń dùn wá nìyí. Ní Yunifásítì Èkó, Akoka, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a fi orúkọ Confucius pè, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Ṣáínà. Ó dára, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ta ni ń kọ́ àwọn ọmọ Ìbà ní ohun tí ìlù ń wí? Ní Alábà à ń ta àpótí tí ń gbé ohùn jáde, bẹ́ẹ̀ ni ohùn tiwa ń kú lọ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń jó sí ìlù tí ń fi oríkì baba wọn pè wọ́n, wọn kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí òbí wá onílù tí yóò jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà má sì kúrò nídìí ìlù kan títí yóò fi mọ ohun tí ó ń wí àti ẹni tí ó ń kì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.