Àtẹ́lẹwọ́ Ẹni Kì Í Tanni Jẹ: Mítà Ìmọ́lẹ̀ àti Lẹ́ńsì Fífẹ̀

Lónìí, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ la fẹ́ sọ, èyí tó ní mítà ìmọ́lẹ̀ nínú, nígbà tí a bá fi lẹ́ńsì fífẹ̀ sí i. Kí ló dé tí páànù òrùlé máa ń hàn kedere nínú fọ́tò, tí ojú èèyàn á wá dúdú bí ìdí ìkòkò?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí lẹ́ńsì fífẹ̀ fi wúlò. Ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá tàbí láwọn abúlé Ọ̀nà-Àrà, ẹbí lè tó ogójì èèyàn níwájú ilé kan, kí ògiri tàbí igi kòkó má sì jẹ́ kí onífọ́tò lè fẹ̀yìn rìn mọ́. Lẹ́ńsì 50mm ń rí nǹkan bíi dígírì 40 ní ìbú. 28mm ń rí 65. Gbogbo ẹbí á wọlé. Àmọ́ ojú ọ̀run àti páànù tó ń dán á bá wọn wọlé.

Ibẹ̀ ni mítà ti ń ṣìnà. Mítà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí páànù. Ohun tó gbà ni pé, bí a bá pò gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́. Bí ojú ọ̀run bá pọ̀ jù, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ká dín ihò lẹ́ńsì kù. Aláwọ̀ dúdú tó wọ léèsì funfun ló máa jìyà rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sì dé lórí fíìmù, kò sí ohun tí ẹni tó ń fọ fọ́tò lè fà yọ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Àwọ̀ ojú wa yàtọ̀ síra gan-an, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó wà lójú àwọn tí ẹ fẹ́ yà. Bí wọ́n bá wà ní ibòòji kòkó, kí ọwọ́ náà wà ní ibòòji. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí ọwọ́ á fi kún ojú rẹ̀, kí òjìji kámẹ́rà má ṣe bọ́ lé e. Bí mítà bá ní f/11, ẹ ṣí i sí f/8, nítorí àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì eérú tí mítà ń retí. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ padà sí àyè yín, ẹ yà á. Ẹ má dá mítà lóhùn mọ́.

Olympus Trip 35, tí wọ́n ṣe láti 1967 sí 1984, yàtọ̀ díẹ̀. Kò lo bátìrì. Ohun tó yí lẹ́ńsì 40mm rẹ̀ ká ló ń wọn ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ihò. Bí fíìmù yín bá jẹ́ ASA 200, ẹ yí i sí 100, kó lè ṣí sí i. Ẹ kọjú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ kọjú sí ẹbí, kí ẹ tó wá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀.

Ti Leica M5 àti CL tún le díẹ̀. Apá kékeré kan ló gbé mítà dúró lẹ́yìn lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì fífẹ̀ àtijọ́ bíi Super-Angulon 21mm ń wọ inú kámẹ́rà jìnnà débi pé ó lè dí mítà tàbí kó kọlù ú. Ẹ bi ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe kí ẹ tó fi í sí i, kí ẹ sì fi mítà ọ̀tọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀.

Ẹ tún wo bátìrì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà náà ń lo bátìrì PX625 oní-mẹ́kúrì, 1.35 volt, tí wọn kì í ṣe mọ́. Bátìrì 1.5 volt wọ ibẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, ojú á tún dúdú. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nọ́ḿbà 675, tó jẹ́ 1.4 volt, sún mọ́ ti àtijọ́ dáadáa.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn n'Ìbàdàn láti 1954, fi Brownie D tí kò ní mítà rárá bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ojú rẹ̀ ni mítà rẹ̀. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìnáwó tó dé, ẹ fi fíìmù kan dánra wò: ẹ ya ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan bí mítà ṣe wí, lẹ́ẹ̀kan bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe wí, kí ẹ kọ nọ́ḿbà méjèèjì sílẹ̀. Ẹ fi wọ́n wéra, ẹ ó rí i.