Bí Àyà Yín Bá Ń Já Láti Dìde Sọ̀rọ̀ Láàrin Àwùjọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni í jẹ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ìbẹ̀rù tí í máa mú ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dìde kí ó sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ wo obìnrin tí ó ń tajà. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Yóò bá ogún oníbàárà nájà, yóò fi ẹ̀rín tu oníbìínú lójú, yóò fi òwe dá ẹni tí ó ti ń lọ padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é nínú ìpàdé ẹgbẹ́ pé, “Ìyá, ẹ dìde, ẹ wá sọ tẹnu yín,” kíá ni itọ́ yóò gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo olùkọ́ pẹ̀lú. Ọmọ ọgọ́ta ni ó ń kọ́ lójoojúmọ́ láìfòyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, tí àwọn bàbá àti ìyá wá jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ wọn, olùkọ́ yìí kan náà yóò máa wá ibi tí yóò sá sí. Gbogbo àwa tí a gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni kọjá ni a mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí olùbẹ̀wò bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò fajú ro, tí ó kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun àmúṣeré. Mo mọ olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ bí ẹni mowó, tí ó kọ ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, kìkì nítorí pé ẹni tí ó bá wà ní ipò náà ni yóò máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọpọ̀ àárọ̀. Ẹni tí kò tó o lẹ́nu iṣẹ́ ni ó gba ipò náà àti owó orí rẹ̀. Bákan náà ni ó rí nínú ọjà. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni yóò gba máíkì. Ohun tí ẹni yẹn bá sì sọ ni wọn yóò kọ sílẹ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó sọ ọ́.

Níbo ni ìbẹ̀rù yìí ti ń wá? Ara wa ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ohun kékeré kan wà tí ó jókòó lé kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan bí fìlà. Nígbà tí ewu bá dé, á tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline. Oje yìí ni ó ń mú kí ọkàn lù kì-kì-kì, kí ọwọ́ làágùn, kí ikùn máa ru, kí ẹsẹ̀ sì wà ní ìmúra láti jà tàbí láti sá. Bí ènìyàn bá rí ejò lóko, oore ńlá ni èyí jẹ́. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ejò àti igba ojú tí ó ń wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbọ̀n kì í ṣe ojo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ayé ń ṣe é. Ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ bí Ọlọ́run ti dá a.

Ìdáhùn kejì wà nínú bí a ti tọ́ wa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọmọ tí ó bá dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, wọn yóò ní kí ó panu mọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni, èmi kò sì ní kí á pa á tì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ láti dákẹ́ fún ogún ọdún, a kò lè retí pé kí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí a bá fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó yẹ kí ẹnìkan kọ́ ọ ní ìyẹn náà.

Bí ẹ bá sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ gbọ́ ti àwọn ẹni ńlá. Àtàwọn tí ń ka Bíbélì àtàwọn tí ń ka Àlùkùránì ni ó mọ̀ pé Mósè, Ànábì Mùsá, ké sí Ọlọ́run nítorí ahọ́n rẹ̀ tí ó wúwo, tí a sì fi Áárónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Gandhi tí gbogbo ayé mọ̀ kàwé lọ́yà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì padà sí Íńdíà ní 1891. Nígbà tí ó dìde láti ro ẹjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní kóòtù kan ní Bombay, ojú rẹ̀ ṣú, kò rí ìbéèrè kan bi ẹlẹ́rìí, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún lọ́yà mìíràn. Ọkùnrin yìí náà ni ó wá bá àìmọye ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ọba George kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kólòlò. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọba ní 1925, ó sọ̀rọ̀ ní Wembley, ojú sì tì í púpọ̀. Ní 1926 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Lionel Logue, ọmọ Australia, ẹni tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń mí àti bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Nígbà tí ogun dé ní 1939, ọba yìí ni ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ìkólòlò kò tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtòsí fún yín. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ta èlùbọ́. Kánsù fẹ́ sọ owó ìsọ̀ di ìlọ́po méjì, àwọn ẹlẹ́lùbọ́ sì yan ìyá yìí pé òun ni kí ó lọ ṣojú àwọn. Ó wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan.

“Tíṣà,” ó wí, “ẹ gbà mí o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí, oorun kì í kùn mí mọ́.”

Mo ní, “Màmá, kí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín gan-an?”

“Kí n má lọ gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ, kí gbogbo ọjà wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó kàwé ló máa jókòó síwájú mi.”

Mo bi í pé ìsọ̀ mélòó ni ó wà ní ìlà wọn. Ó ní méjìlélógójì. Mo bi í pé mélòó ni òrùlé rẹ̀ ń jò. Ó ní mẹ́tàlá, ó sì ka orúkọ àwọn onísọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ iye kóńgò èlùbọ́ tí òjò bà jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kò wo ìwé kankan. Mo ní, “Màmá, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ku kí á tò ó.”

Ohun tí a ṣe rèé. A kò kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé, nítorí ẹni tí ó bá há ọ̀rọ̀ sórí látòkèdélẹ̀, bí ìlà kan bá ti fò ó, gbogbo rẹ̀ ni yóò sọnù. Ìka mẹ́ta ni a so ó mọ́: ìka kìíní, ohun tí a ń san, ìka kejì, ohun tí a ń rí gbà, ìka kẹta, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti gbólóhùn ìkẹyìn nìkan ni ó mọ̀ sórí.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò sókè ketekete, láti kékeré lọ sí ńlá. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èmi àti ìyàwó mi. Lọ́jọ́ kejì ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò márùn-ún, kí ó tó wá sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹlẹ́lùbọ́. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tèmi. Joseph Wolpe, oníṣègùn ọmọ South Africa, tẹ ìwé kan jáde ní 1958 tí ó fi kọ́ni pé bí a bá ń mú ènìyàn sún mọ́ ohun tí ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ìbẹ̀rù náà yóò máa dínkù.

A tún kọ́ bí a ti ń mí. Kí ènìyàn fa èémí sínú títí a ó fi ka mẹ́rin, kí ó sì tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí a ó fi ka mẹ́fà. Bí ó bá ṣe é ní ìgbà márùn-ún kí wọ́n tó pè é, ọkàn yóò rọra lù. Àṣà wa pàápàá ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ilé. Ẹ kí alága, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ kí ọkùnrin, ẹ kí obìnrin, ẹ má kánjú. Bí ẹ ti ń kí wọn tí wọ́n sì ń dáhùn, etí yín yóò ti mọ ohùn yín, oje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ohùn ìyá yìí wà nísàlẹ̀ nígbà tí ó ń kí wọn. Mo rí i tí ó di etí ìró rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìka kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìsọ̀ tí ń jò, ohùn rẹ̀ là. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Kánsù kò fagi lé àfikún owó náà, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i pé kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí wọ́n bá tún òrùlé ṣe tán. Nígbà tí a jáde, ó bi mí pé, “Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń gbọ̀n?” Àwọn tí ó jókòó tì mí kò rí i rárá.

Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ní 2003, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich, fi hàn pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láwùjọ máa ń rò pé ìbẹ̀rù òun hàn sí gbogbo ènìyàn ju bí ó ti hàn lọ. Àwọn tí wọ́n sì ti sọ òtítọ́ yìí fún tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ní 2014, Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard tún rí i pé ẹni tí ó bá wí fún ara rẹ̀ pé, “Inú mi dùn sí ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí,” máa ń sọ̀rọ̀ dára ju ẹni tí ó ń fipá mú ara rẹ̀ pé kí ó balẹ̀. Ọkàn tí ń lù kì-kì-kì nítorí ayọ̀ àti èyí tí ń lù nítorí ìbẹ̀rù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nípa ti Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ, Gẹ̀ẹ́sì ni à ń bẹ̀rù, kí ó má baà ṣì wá lẹ́nu kí wọ́n ní a yìnbọn. Bí gbogbo ẹni tí ó wà níjokòó bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ Yorùbá. Olóògbé Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959, kàwé lọ́yà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè sọ. Síbẹ̀, dídùn Yorùbá ẹnu rẹ̀ ni tọ̀tá tọ̀rẹ́ ṣì fi ń rántí rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lo gbólóhùn kúkúrú.

Mo ní ìkìlọ̀ kan. Àwọn kan máa ń mu ọtí kí ẹnu wọn lè yọ̀. Ọtí a máa yọ ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mọ ibi tí ó yẹ kí ẹnu dúró. Àwọn mìíràn ń lọ ra oògùn tí ń mú kí ọkàn rọra lù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní propranolol. Ẹ má ṣe lò ó láìjẹ́ pé dókítà fún yín, nítorí ewu ńlá ni fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Bí ìbẹ̀rù náà bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè lọ síbi iṣẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Àìsàn mìíràn ń fẹ́ oògùn, ṣùgbọ́n ìdánrawò ni oògùn èyí. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ má ṣe dúró kí wọ́n tó pè yín. Ẹ dìde lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sọ pé, “Mo kín ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ lẹ́yìn,” kí ẹ fi ìdí kan tì í, kí ẹ sì jókòó. Ní ìpàdé kejì, ẹ sọ ìdí méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn yín yóò ṣe wọ inú àwùjọ, tí wọn kò fi ní lè ṣe ìpinnu kan mọ́ láìbèèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin rí sí i?”