Ìgbòkun àti Ìdákọ̀ró ní Àwọn Erékùṣù Virgin

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ ayé, a ó rí i pé ní ìlà-oòrùn Puerto Rico, ní Òkun Kàríbíánì, àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà tí wọ́n fọ́n ká bí èkùrọ́ tí ọmọdé dà sílẹ̀. Columbus ni ó sọ wọ́n ní Virgin ní ọdún 1493. Apá kan wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, apá kejì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ láti fi ọkọ̀ ìgbòkun gbafẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá kò ṣòroó mọ̀. Láti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Àwọn erékùṣù náà sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kúrò ní Tortola yóò ti máa fi ojú rí ibi tí ó ń lọ. Anegada nìkan ni ó yàtọ̀ láàrin àwọn ńlá inú wọn. Àwọn yòókù jẹ́ olókè, ṣùgbọ́n òun tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ó ga jùlọ níbẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ọkọ̀ tí kò bá ṣọ́ra lè forí sọ àpáta abẹ́ omi kí àwọn inú rẹ̀ tó rí ilẹ̀ rárá.

Fífi ìgbòkun rìn níbẹ̀ rọrùn. Dídá ọkọ̀ ró ni iṣẹ́. Orúkọ tí àwọn baba wa fún ìdákọ̀ró ti sọ ohun tí ó wà fún, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ti ń ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìwúwo irin náà ni ó ń di ọkọ̀ mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọkọ́ àgbẹ̀: bí a bá fà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ a wọlẹ̀; bí a bá gbé èékù rẹ̀ sókè, a yọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdákọ̀ró. Nítorí náà ni a fi ń tú ẹ̀wọ̀n gígùn sílẹ̀, kí ó lè sùn sí ìsàlẹ̀ òkun, kí ó sì máa fa irin náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí omi bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tí iwájú ọkọ̀ sì fi 5 ga ju omi lọ, àpapọ̀ wọn jẹ́ 20. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 100, ni ẹ̀wọ̀n tí ó yẹ kí a tú. Bí ó bá jẹ́ okùn ni a lò, ìlọ́po méje ni, nítorí pé okùn fúyẹ́.

Lẹ́yìn èyí, atukọ̀ ọlọ́gbọ́n kì í tètè lọ jẹun. Yóò fi ojú mú igi kan àti ilé kan ní èbúté tí wọ́n wà lórí ìlà kan náà. Bí igi bá ń yà kúrò níwájú ilé, ìdákọ̀ró ń wọ́ nìyẹn.

Àwọ̀ omi ni ó ń sọ ibi tí a lè sọ ìdákọ̀ró sí. Omi tí ó dúdú bí aró jìn. Èyí tí ó mọ́, tí ó sì rí bí ewé tútù, iyanrìn ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó dára. Ibi tí ó bá pọ́n rúsúrúsú, àpáta iyùn ni. Iyùn yìí, ìbátan èyí tí àwọn ọba wa ń fi sí ọrùn, kì í ṣe òkúta lásán: egungun àwọn ẹ̀dá tíntìntín ni, àwọn tí ó ṣì wà láàyè sì ń kọ́ ilé wọn lé e. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ìdákọ̀ró kan lè fọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí èyí ni a fi ka sísọ ìdákọ̀ró léèwọ̀ lórí àpáta iyùn Horseshoe, tí ó nà tó máìlì 18 lẹ́bàá Anegada. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, a ti so àwọn bọ́ọ̀lù ńlá tí ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ara wọn ni ọkọ̀ ń so mọ́.

Síbẹ̀, ìjì wà tí ìdákọ̀ró kò ká. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1867, ọkọ̀ ńlá kan tí ń kó lẹ́tà àti èrò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rhone, dúró ní èbúté Peter Island nígbà tí ìjì líle dé. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ pinnu láti sá lọ sí agbami, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìdákọ̀ró fà wọlé. Òun àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ èbúté. Kí wọ́n tó kọjá Salt Island, afẹ́fẹ́ ti yí padà, ó sì gbá wọn lu àpáta. Omi òkun tútù ya wọ inú ìkòkò irin gbígbóná tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, ọkọ̀ náà bú gbàmù, ó sì pín sí méjì. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá ni ìgbà irú ìjì bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń pè ní Irma, tí ó jà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ jẹ́ ní àwọn èbúté náà.

Rhone ṣì wà nísàlẹ̀ omi lẹ́bàá Salt Island. Láti ọdún 1980 ni ìjọba ti sọ ibẹ̀ di ibi ààbò. Iyùn ti hù bo irin rẹ̀, ẹja ń wọlé wọ̀de láàrin rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ìdákọ̀ró níbẹ̀.