Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Àṣekágbá: Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Rí

Aládé Ìdànrè kò jìnnà sí FUTA l'Ákùúrẹ́, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981. Bí àwọn ọmọ wa níbẹ̀ bá para pọ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń mú kòkó gbẹ, ìjábọ̀ wọn ni yóò jẹ́ kí àgbẹ̀ mọ̀ bóyá ó wúlò. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ lè bàjẹ́ nínú àpò. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ àti lẹ́yìn tó jáde, pẹ̀lú wákàtí tó gbà. Bí òjò bá dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn náà, àmáánà ni. Nínú Suratul Baqarah, áyà 282, Ọlọ́hun ní kí á má ṣe káàárẹ̀ láti kọ gbèsè sílẹ̀, kékeré tàbí ńlá. A rò pé ìwọ̀n kòkó náà yẹ bẹ́ẹ̀.

Kálukú lè kọ ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí iye má baà tako ara wọn. Àkópọ̀ tó ń ṣíwájú, ìkẹyìn ni kí wọ́n kọ ọ́.