Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni èéfín ṣe ń di tàdáwà?

Ṣé ẹ ti rí fídíò àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń yí igi dúdú kékeré kan lórí òkúta, tí omi á sì di tàdáwà? Kí ni igi yẹn gan-an?

1. Kì í ṣe igi rárá. Èéfín igi páìnì tàbí ti fìtílà elépo ni, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Wọ́n á pò ó mọ́ àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran, wọ́n á gún un títí apá á fi ro wọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, á sì rọra gbẹ fún oṣù mélòó kan. Ẹ má sá a sóòrùn o, á sán!

2. Agbègbè Huizhou ní Ṣáínà lókìkí nídìí iṣẹ́ yìí. Ní 2006, ìjọba Ṣáínà kọ iṣẹ́ náà mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn.

3. Òkúta ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìdáàṣà ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkè 41 yín sílẹ̀. Gíráníìtì ni, ó rí págunpàgun jù. Òkúta tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n ń lò.

4. Àwa náà ní tàdáwà tiwa. Èédú lílọ̀, oje igi àti omi ni àwọn àáfà ń pò pọ̀, kálàmù ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéú. Ti Ṣáínà máa ń wọ inú bébà, kì í ṣí mọ́. Lára wàláà dídán, omi lásán ti tó láti fọ tiwa kúrò, kí ọmọ kéú lè kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ yẹn làwọn kan ń mu, tí wọ́n ń pè ní hàǹtú.

Ta ló ṣì ní wàláà nílé? Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá nísàlẹ̀, kí ẹ sì ṣe ṣíà fún ẹni tí ẹ jọ lọ ilé kéú.