Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín tò l'Abẹ́òkúta: ọ̀dọ̀ iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bọ́tìnnì pupa kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn power pack àwọn kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, nítòsí ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ tì í sápá kan, ẹ ó rí 115. Ẹ tì í sápá kejì, ẹ ó rí 230. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe fídíò òde ìnáwó l'Abẹ́òkúta kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Power pack tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló rà. Ó to kọ̀ǹpútà rẹ̀ parí lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa jókòó tì í, à ń retí iná. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe figbe ta, "Up NEPA!", ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tó dún kò yàtọ̀ sí bánńgà tí àwọn ọmọdé ń yìn nígbà Kérésì. Òórùn rẹ̀ kò kúrò ní yàrá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Orí 115 ni bọ́tìnnì náà wà láti ìlú tó ti wá. Iná ilé Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 120 volt lọ, tiwa jẹ́ 230. Ìlọ́po méjì ohun tó ń retí ló já wọ inú rẹ̀. Power pack nìkan ló jó. Orí ló yọ motherboard àti processor.

Ẹni tó bá wọ YouTube lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà wa ń pè ní "kọ́pù", processor ni wọn yóò kọ́kọ́ bá a sọ. Wọ́n á bọ́ sórí graphics card, wọ́n á fi wákàtí kan jiyàn lé e lórí, power pack á wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ́ńjì tó kù rà. Kò burú fún àwọn tó ń gbé níbi tí iná kì í ṣẹ́jú. Ní tiwa, láti Láfẹ́nwá títí dé Ọ̀bàńtókò, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á wá síwájú: irú iná tó ń wọ ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí power pack tẹ̀lé e, kí ìyókù wá bá wọn nílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní processor oní-65 watt, tí kò ní graphics card lọ́tọ̀, tòun ti monitor ìǹṣì 24, kì í sábà jẹ ju 150 watt lọ bó bá ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn. Graphics card ńlá kan bíi RTX 4090, tí NVIDIA gbé jáde ní 2022, lè dá jẹ 450 watt. Pẹ̀lú ìyókù, ó ti di 550 ó kéré tán. Ní báyìí, ẹ wo bátìrì 220Ah oní-volt 12 tó wà lábẹ́ ìnfátà nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀. Lórí ìwé, 2,640 watt fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tètè kú kò ní lò ju ìdajì lọ, ìnfátà náà á sì bù jẹ níbẹ̀. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kò ju nǹkan bí 1,100 lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré á fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí méje. Ńlá, wákàtí méjì péré. Ẹni tí ẹbí olókùú ń retí fídíò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la mọ ohun tí wákàtí márùn-ún jẹ́.

Owó iná náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ní iná wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan. Ní 225 yẹn, bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, náírà 270 ni. Ti ńlá yóò tó 990. Ojoojúmọ́ ni o.

Tó bá wá kan power pack fúnra rẹ̀, àwọn ọlọ́jà ní òṣùwọ̀n kan tí n kò lè bá wọn jiyàn lé lórí: wọ́n á fọwọ́ gbé e wò. Irin tó ń gba ooru, wáyà bàbà àti àwọn kapásítọ̀ ńlá ló ń mú un wúwo. Bí wọ́n bá kọ 600 watt sí i lára, tó wá fúyẹ́ bí páálí bíṣíkíìtì, bébà lásán ni 600 náà. Àmì 80 Plus, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń sọ pé ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 iná tó wọlé ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ìyókù ń di ooru. Ó dáa kó ní i, àmọ́ kò sọ fún yín pé kò ní jó.

Èyí tí mo kà sí jù ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú "input". Bí ẹ bá rí 100–240V, tí kò sì sí bọ́tìnnì pupa kankan lẹ́yìn, ẹ ti ra ohun tó mọ ìlú wa. Nígbà tí half current bá dé, tí gílóòbù ń pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn, tí fáànù kò yí mọ́, 150 volt ni ẹ lè bá lẹ́nu sókẹ́ẹ̀tì. Irú power pack yìí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Iná tó ga jù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí wáyà neutral bá já nídìí transformer àdúgbò, iná ilé ẹlòmíì lè fò sókè dé 400 volt, kò sì sí power pack tó máa jẹ ìyẹn kó yè. Ẹ fi ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ sáàárín sókẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà. Kò wọ́n.

Ìnfátà náà ní tirẹ̀. Iná NEPA ń lọ sókè, ó ń lọ sódò bí ìgbì, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìnfátà tàbí UPS olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ìgbì, àtẹ̀gùn ló ń ṣe: sókè gan-an, dúró, sódò gan-an. Fáànù lè fara mọ́ ọn, á kàn máa kùn. Àwọn power pack òde òní kan ń kọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà á sì kú fin-ín ní gbàrà tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti Abẹ́òkúta gan-an. Ẹ ó ti fọwọ́ kan casing kọ̀ǹpútà rí tó ń gbé yín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá tí ẹ kò bá wọ bàtà. Àwọn kan á ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ló lágbára. Irọ́ ni. Kapásítọ̀ kéékèèké kan wà nínú power pack tó ń da ìdọ̀tí inú iná sínú wáyà ẹ̀tíǹgì. Bí ilé kò bá ní ẹ̀tíǹgì, ara irin náà ló máa gbà á, ìdajì iná ilé, nǹkan bí 115 volt, á sì máa rìn lára rẹ̀. Kò lágbára tó láti pààyàn, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú USB tàbí monitor jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ki wáyà mìíràn bọ̀ ọ́. Ẹ̀tíǹgì gidi sì ṣòro nílùú tó jókòó sórí àpáta. Ọ̀pá tó yẹ kó wọlẹ̀ ṣinṣin, a máa kan òkúta lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí táwọn oníná fi ń gbẹ́ kòtò yí i ká, tí wọ́n ń da iyọ̀ àti èédú sí i: iyọ̀ ń lànà fún iná, èédú ń di ọ̀rinrin mú. Ẹ lọ wẹ̀yìn ilé yín bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí YouTube fi bẹ̀rẹ̀.

Processor kì í wọ motherboard tí kì í ṣe tirẹ̀. Intel ìran kejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń lo ojúhò kan náà, LGA 1700. AMD ní AM4, tí Ryzen àkọ́kọ́ bá dé ní 2017, àti AM5 tó tẹ̀lé e ní 2022. Ti AM4 ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín 1,331 nísàlẹ̀ processor. Ti Intel, inú ojúhò board ni abẹ́rẹ́ wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wo eyín ìlarun. Bí ìlà kan bá wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ tún wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ processor náà. Core i5-12400F kò lè gbé àwòrán kankan sójú monitor bí kò bá sí graphics card. 12400 tí kò ní F lè ṣe é. Ní ti AMD, 5600G lè ṣe é, 5600 kò lè ṣe é. Lẹ́tà kan péré yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ta ọjà tó bàjẹ́ fún wọn.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé processor tòkunbọ̀ kò burú, torí kì í sábà kú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Core i7 àti i9 ìran ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá. Ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé àwọn kan nínú wọn ń béèrè fún volt tó ju agbára wọn lọ, tó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àtúnṣe jáde tó ń dá ìbàjẹ́ náà dúró, kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ó fi ọdún méjì kún àkókò tí wọ́n fi lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹni tó rà á lọ́wọ́ kejì dé ọ̀dọ̀ Intel?

RAM ló ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún báyìí. Náírà jẹ̀bi níbẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Samsung, SK Hynix àti Micron, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM gbogbo ayé, àwọn tó ń kọ́ ibùdó ńláńlá fún ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ń dáwó sílẹ̀ fún wọn ju bí èmi àti ẹ̀yin ṣe lè san lọ. Nígbà tí 2025 ń parí lọ, owó RAM fò sókè káàkiri ayé. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Micron kéde pé òun ń fòpin sí Crucial, orúkọ tó fi ń ta RAM fún aráàlú. Nítorí náà, ẹ má fi ojú owó àtijọ́ lọ nájà. DDR4 kì í wọ ojú DDR5, ibi tí wọ́n gé lára wọn kò dọ́gba; ẹ mọ èyí tí board yín ń gbà. Bí 16GB ni ẹ fẹ́, 8 méjì sàn ju 16 kan lọ, pàápàá fún processor onílẹ́tà G, tó jẹ́ ara RAM ló ń bù fún àwòrán.

Bí owó kò bá tó, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ ra OptiPlex, EliteDesk tàbí ThinkCentre tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì òyìnbó wá, kí ẹ fi SSD tuntun sí i. Ẹ ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì ìsopọ̀: i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 ìran kẹjọ. Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kì í sì í gba ìran keje sẹ́yìn, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí òyìnbó fi ń kó ìran kẹfà dànù. Ẹ tún mọ̀ pé power pack àti board inú irú wọn kì í sábà bá ti ọjà mu, torí náà, bí ọ̀kan bá kú, irú rẹ̀ gan-an ni ẹ máa wá kiri.

Ti casing kò gùn. Kó ní ojú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kó ní asẹ́ tí ẹ lè yọ fọ̀ lóṣooṣù nígbà ọyẹ́. Gíláàsì àti iná aláwọ̀ mèremère kò mú un yára.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń já sí Computer Village n'Ìkẹjà, ní àdúgbò Òtìgbà, tó jẹ́ ilé gbígbé kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó gbà á ní àwọn ọdún 1990. Láti oṣù kẹfà 2021, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, kí ẹ sọ̀ ní Agége, Ìkẹjà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá fa yín lápá ní títì pé "kí lẹ fẹ́ rà?", ẹ kí i, ẹ kọjá. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ BCCC tó wà n'Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún nígbà náà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Torí náà, ẹ ní kí wọ́n tò ó lórí tábìlì, kí wọ́n tàn án níṣojú yín. Kí wọ́n kọ serial number àti iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà sórí rìsíìtì.

Motherboard àti processor tó yè lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lò. Power pack tó wà nínú rẹ̀ báyìí kò ní bọ́tìnnì pupa.